Eruku Tí Ojú Kò Rí: Bí Èéfín Ṣe Ń Dé Ọkàn, Tó sì Ń Mú Ara Gbó Ṣáájú Ọjọ́

Ẹni tó bá gba ojú ọ̀nà àtijọ́ láti Èkó bọ̀ wá sí Abẹ́òkúta, tó kọjá Sàngó, tó kọjá Ìfọ̀, tó wá dé Ewékorò, á rí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe símẹ́ńtì láti ìparí ọdún 1960. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ewé ẹ̀bá ọ̀nà a máa funfun níbẹ̀, páànù ilé a sì pàwọ̀ dà. Bí ẹ bá bi ará àdúgbò náà pé kí ló ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, ibẹ̀ ni yóò nawọ́ sí. Ẹni tó ń gbé Ọdẹ̀dá á nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Wọn ò jẹ̀bi, ohun tójú rí lẹnu ń sọ.

Àmọ́ eruku tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ojú kì í rí i. Ó wà nínú èéfín igi ìdáná, ó wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀, ó wà nínú ohun tí tírélà àti ọ̀kadà ń tú sílẹ̀ ní Láfẹ́ńwá àti Pánsẹ́kẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Òun ló ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró kọjá lọ bá ọkàn. Òun náà ni àwọn onímọ̀ ń bá wí nígbà tí wọ́n bá ní afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí ń mú ara gbó ṣáájú ọjọ́. Ẹ jẹ́ ká tọ ipa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bó ṣe kéré tó ni ká kọ́kọ́ mọ̀. Máíkírọ́ọ̀nù ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń wọn nǹkan bíńtín. Ẹ mú rúlà tí àwọn ọmọ ń lò níléèwé, ẹ wo àlàfo mìlímítà kan ṣoṣo lára rẹ̀. Tí a bá pín àlàfo yẹn sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan níbẹ̀ ni máíkírọ́ọ̀nù kan. Irun orí èèyàn tó nǹkan bíi 50 sí 70 ní fífẹ̀. Eruku tí fífẹ̀ tirẹ̀ kò ju 2.5 lọ ni wọ́n ń pè ní PM2.5. Eruku wínníwínní ni àwa ó máa pè é. Ogún irú rẹ̀ lè tò sórí fífẹ̀ irun kan, kí àyè sì tún ṣẹ́ kù.

Eruku ńlá, ara mọ bó ṣe ń ṣe é. Irun imú á mú díẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìyókù, a ó sín, a ó wúkọ́, a ó tu ú dà nù. Púpọ̀ nínú eruku funfun tí ẹ ń rí lórí ewé ní Ewékorò, eruku ńlá ni. Èyí kò wẹ símẹ́ńtì mọ́ o. Wínníwínní wà nínú eruku rẹ̀ náà, iná tí wọ́n fi ń yan òkúta ẹfun ń tú èéfín tirẹ̀, àwọn tírélà tó ń kó o sì ń tú tiwọn. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò lè fi ojú díwọ̀n ewu náà. Ilé ìdáná tí ògiri rẹ̀ mọ́ tónítóní lè kún fún eruku wínníwínní ju ẹ̀bá ọ̀nà tírélà lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí símẹ́ńtì tàbí òkúta gbà pé bí àwọn bá mu mílíìkì lálẹ́, ó ti fọ eruku ọjọ́ náà kúrò láyà. Mílíìkì dára, oúnjẹ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀fun ló ń gbà, inú ikùn ló ń lọ. Eruku gba ọ̀nà èémí lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró ní tirẹ̀. Àwọn méjèèjì kì í pàdé. Ohun kan náà ni mo máa sọ nípa àgbo tí wọ́n ń polówó pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe àpò ńlá kan tó ṣófo. Ọ̀nà èémí máa ń pín sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan á tún pín, á máa pín bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi parí sínú àwọn àpò kéékèèké tí iye wọn tó 300 mílíọ̀nù tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara àwọn àpò yìí fẹ́lẹ́ débi pé nínípọn rẹ̀ kì í tó máíkírọ́ọ̀nù kan ní ọ̀pọ̀ ibi. Afẹ́fẹ́ wà lápá kan rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lápá kejì. Ibẹ̀ ni ọ́síjìn, tí a ó máa pè ní afẹ́fẹ́ ìyè, ti ń bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Ó fẹ́lẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìyè lè ráyè kọjá, ohun mìíràn tó bá kéré tó náà á sì rí àyè kọjá.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ó ń kọjá lóòótọ́? Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Edinburgh, ní Scotland, gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n sọ góòlù di ohun tó kúnná ju eruku wínníwínní lọ, nítorí góòlù kì í bá ohunkóhun jà nínú ara, ó sì rọrùn láti wá rí. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn fà á símú. Kò pẹ́ tí góòlù náà fi hàn nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n ṣì ń rí i. Wọ́n tún fún àwọn aláìsàn kan fà símú, àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún nítorí ọ̀rá tó dí òpó ẹ̀jẹ̀ ọrùn wọn. Nígbà tí wọ́n gé ọ̀rá náà jáde, góòlù wà nínú rẹ̀. Ẹ kíyè sí i dáadáa: ibi tí ara ti ń ṣàìsàn gan-an ni góòlù náà lọ kó jọ sí.

Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ ní Hasselt, ní orílẹ̀-èdè Belgium, wo inú ibi ọmọ, èyí tí àwọn ìyá ń pè ní èkejì ọmọ. Wọ́n rí eérú dúdú inú èéfín ní apá tó kọjú sí ọmọ. Obìnrin ló fa èéfín, ó sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò tíì mí èémí kan rí.

Wàyí o, kí ni eruku yìí ń ṣe fún ọkàn? Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà, wọn ò sì yára bákan náà.

Èyí tó yá jù ni ti iṣan ìmọ̀lára. Nínú ẹ̀dọ̀fóró, àwọn iṣan kan wà tó ń jíṣẹ́ fún ọpọlọ pé nǹkan tí kò dára ti wọlé. Ọpọlọ á gbọ́, á sì pàṣẹ kí òpó ẹ̀jẹ̀ fún, kí ọkàn tún bí ó ṣe ń lù ṣe. Láàárín ìṣẹ́jú sí wákàtí díẹ̀ ni èyí fi ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ le koko lè má mọ̀ ọ́n lára rárá.

Èkejì gba wákàtí sí ọjọ́ mélòó kan. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara wà nínú àwọn àpò kéékèèké yẹn, iṣẹ́ wọn ni láti gbé ohun àjèjì mì kí wọ́n sì lọ̀ ọ́ run. Kòkòrò àrùn ṣeé lọ̀ fún wọn. Eérú àti irin tó lẹ̀ mọ́ eruku wínníwínní kò ṣeé lọ̀. Wọ́n á gbé e mì, á há wọn lọ́rùn, wọ́n á wá kígbe pe àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ìpè yìí ló ń mú kí inú ara wú kí ó sì gbóná níbi tí ọgbẹ́ kankan kò sí. Ẹ jẹ́ ká pe èyí ní ìgbóná abẹ́nú. Kì í dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ á gbé e kiri. Ẹ̀dọ̀ á gbọ́ ìpè náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè èròjà tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, bí ẹni pé ara ti gbọgbẹ́. Ẹ̀jẹ̀ á wá ki ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ̀kẹta ni ti eruku tó wọ inú ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Inú gbogbo òpó ẹ̀jẹ̀ ni ìpele sẹ́ẹ̀lì tín-ín-rín kan ti tẹ́ ẹ lọ láti òkè dé ilẹ̀. Ìpele yìí ń ṣe èròjà kan, nítíríkì ọ́sáìdì, tí a ó máa pè ní èròjà ìdẹ̀ra, nítorí òun ló ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀ kí ó sì fẹ̀. Àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998 nítorí iṣẹ́ wọn lórí rẹ̀. Eruku wínníwínní àti ìgbóná abẹ́nú máa ń pa èròjà ìdẹ̀ra yìí run. Òpó á wá le, ọkàn á ní láti fi agbára ti ẹ̀jẹ̀ kọjá, nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì ń kà lára ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru á gòkè.

Tí gbogbo èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́ fún ogún ọdún, ọ̀rá á máa rọra kó jọ sábẹ́ ìpele sẹ́ẹ̀lì náà. Lọ́jọ́ kan, orí ọ̀rá yìí lè bẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ki tẹ́lẹ̀ á dì sójú ibẹ̀, á sì dí ọ̀nà. Tó bá jẹ́ òpó tó ń bọ́ ọkàn ló dí, ìyẹn ni àrùn ọkàn òjijì tí àwọn èèyàn ń pè ní háàtì àtáàkì. Tó bá jẹ́ ti ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ nìyẹn.

Àwọn olùwádìí dán èyí wò lójú ayé. Ní ọdún 2007, wọ́n kó ọkùnrin 20 jọ tí àrùn ọkàn òjijì ti kọlù rí ṣùgbọ́n tí ara wọn ti balẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n máa wa kẹ̀kẹ́ adúrólójúkan nínú yàrá kan. Lọ́jọ́ kan, afẹ́fẹ́ mímọ́ ni wọ́n tú síbẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, èéfín dísẹ̀lì tí wọ́n ti là ni. Wákàtí kan péré. Lọ́jọ́ èéfín, ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ wọn láyà fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọkàn kò tó bó ṣe yẹ, agbára ara láti tú ẹ̀jẹ̀ tó fẹ́ dì sì dín kù. Awakọ̀ tó ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Láfẹ́ńwá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ni yàrá tirẹ̀ ń kún.

Èyí ló fà á tí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé fi máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Wọ́n ní èéfín inú ilé, ìyẹn igi, èédú àti kẹrosíìnì, ló fa ikú èèyàn tó tó 3.2 mílíọ̀nù kárí ayé lọ́dún 2020. Ẹ ó rò pé ikọ́ àti àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló pa ọ̀pọ̀ jù nínú wọn. Rárá. Nínú 100, 32 ni àrùn ọkàn mú lọ, 23 ni rọpárọsẹ̀. Àwọn méjèèjì yìí ti ju ìdajì lọ.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu kan ohun mìíràn tó wà nínú èéfín kí n tó kúrò níbí: afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù mọ́nọ́sáìdì, tí a ó máa pè ní afẹ́fẹ́ aláìlóòórùn, nítorí kò rùn, kò sì láwọ̀. Ó ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju bí afẹ́fẹ́ ìyè ṣe ń dì mọ́ ọn lọ ní ìlọ́po 200 ó lé. Ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn, ṣùgbọ́n ẹrù tó yẹ kó gbé kò ní sí lórí rẹ̀. Òun ló ń pa odindi ìdílé mọ́jú nígbà tí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Iná èédú náà ń tú u jáde, èéfín rẹ̀ tí kò pọ̀ kò gbọ́dọ̀ tan ẹnikẹ́ni láti gbé e wọlé sùn nígbà ọyẹ́.

Ó ku ti gbígbó ara. Ara wa, sẹ́ẹ̀lì ló para pọ̀ dì í, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ń pín sí méjì kí ọ̀tun lè rọ́pò ògbólógbòó. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni àwọn okùn gígùn kan wà tí a kọ gbogbo ìlànà bí ara yóò ṣe ṣiṣẹ́ sí. DNA ni orúkọ wọn, okùn àbùdá ni tiwa. Nígbàkigbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín, ó ní láti da okùn yìí kọ. Ẹ̀rọ tó ń dà á kọ kò sì lè dé góńgó orí okùn, díẹ̀ á máa ṣẹ́ kù tí kò ní kọ.

Kí ìlànà tó ṣe pàtàkì má bàa gé dànù, orí okùn kọ̀ọ̀kan ní ibi tí kò ní ìlànà kankan nínú, lẹ́tà mẹ́fà kan náà ló ń tún ara rẹ̀ kọ níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀rún ìgbà. Tẹ́lómíà ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀yin tó mọ àdìrẹ, ẹ wo etí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá tún dé ọjà Ìtòkú ní Abẹ́òkúta. Aládìrẹ kì í ya ọnà dé etí aṣọ pátápátá, ó ń fi àlà díẹ̀ sílẹ̀. Bí a bá ń fọ aṣọ tí a kò ṣẹ́ létí, fọ́nrán òwú á máa já kúrò ní àlà yẹn. Kò ba ohunkóhun jẹ́, títí ọjọ́ tí àlà yóò tán, tí ìjá náà yóò wọ inú ọnà. Ìṣẹ́tí ni n ó máa pe tẹ́lómíà láti ibí lọ.

Ní ọdún 1961, Leonard Hayflick, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì èèyàn tí wọ́n ń tọ́jú nínú ìgò kò lè máa pín títí ayé. Tó bá ti pín bí ìgbà 40 sí 60, á dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Elizabeth Blackburn, Carol Greider àti Jack Szostak ṣàlàyé ipa ìṣẹ́tí nínú ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2009. Tí ìṣẹ́tí bá kúrú jù, sẹ́ẹ̀lì á mọ̀, kò sì ní pín mọ́.

Èéfín ń mú kí ìṣẹ́tí kúrú láti apá méjì. Àkọ́kọ́, ìgbóná abẹ́nú ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara máa pín ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ogun kò tán, wọ́n sì nílò ọmọ ogun tuntun lójoojúmọ́. Ìkejì, irin àti èròjà tó wà lára eruku wínníwínní ń bí àwọn nǹkan oníjàgídíjàgan tó ń já nǹkan gbà lára ohunkóhun tí wọ́n bá sún mọ́. Nínú àwọn lẹ́tà tí wọ́n fi kọ okùn àbùdá, G ló rọrùn jù fún wọn láti bà jẹ́. Mẹ́ta nínú lẹ́tà mẹ́fà ìṣẹ́tí, G ni.

Àwọn ọlọ́pàá ojú pópó ní Milan, ní Ítálì, wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní ọdún 2009, wọ́n fi ìṣẹ́tí àwọn 77 tó ń dúró sáàárín ọkọ̀ wé ti àwọn 57 tó ń jókòó sí ọ́fíìsì. Ti àwọn ojú pópó kúrú jù. Ní ọdún 2017, wọ́n yẹ ọmọ tuntun 641 wò ní Belgium. Bí eruku wínníwínní inú afẹ́fẹ́ tí ìyá mí nínú oyún bá fi máíkírógíráàmù 5, ìwọ̀n ìwúwo tó kéré gan-an, pọ̀ sí i nínú mítà kúbíìkì kan, ìṣẹ́tí inú ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọ á kúrú sí i ní nǹkan bí ìdá 9 nínú 100. Ọmọ náà kò tíì jẹun rí láyé.

Ẹ má sáré o. Nínú ìwádìí kan ní Beijing tó jáde lọ́dún 2012, àwọn awakọ̀ tírélà tó fa èéfín púpọ̀ lọ́jọ́ kan, ìṣẹ́tí inú ẹ̀jẹ̀ wọn gùn sí i lọ́jọ́ náà ni, bóyá nítorí pé ara tú àwọn ọmọ ogun tuntun jáde. Èéfín ọ̀sẹ̀ méjì ló bá kíkúrú rìn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kó má ná owó rẹ̀ sórí àyẹ̀wò ìṣẹ́tí tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wúlò fún olùwádìí tó ń wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún èèyàn pa pọ̀. Fún ẹnì kan ṣoṣo, kò ní sọ ohun tí ẹ̀rọ ẹ̀jẹ̀ ríru kò lè sọ lówó pọ́ọ́kú.

Níbo wá ni ọ̀rọ̀ gbígbó ti pàdé ti ọkàn? Sẹ́ẹ̀lì tó ti gbó kì í sábà kú. Á jókòó síbẹ̀, kò ní ṣiṣẹ́, á sì máa tú èròjà ìgbóná abẹ́nú sára àwọn aládùúgbò rẹ̀. Tó bá jẹ́ inú ìpele tó tẹ́ inú òpó ẹ̀jẹ̀ ló wà, kò ní ṣe èròjà ìdẹ̀ra dáadáa mọ́. Òpó ẹ̀jẹ̀ ẹni ogójì ọdún lè wá máa hùwà bíi ti ẹni ọgọ́ta. Ìgbóná abẹ́nú ń bí sẹ́ẹ̀lì ògbólógbòó, sẹ́ẹ̀lì ògbólógbòó ń bí ìgbóná abẹ́nú. Bí ó ṣe ń yí nìyẹn.

Ẹ lè sọ pé Edinburgh àti Milan jìnnà sí wa. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Ìbàdàn. Láti ọdún 2013 sí 2015, àwọn olùwádìí Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Chicago, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christopher Sola Olopade, ṣiṣẹ́ pẹ̀lú aláboyún 324 tí igi tàbí kẹrosíìnì jẹ́ ohun ìdáná wọn. Kèké ni wọ́n fi pín wọn sí méjì. Ìdajì ń bá ìdáná wọn àtijọ́ lọ. Ìdajì kejì gba sítóòfù tó ń lo ẹ́tánọ́ọ̀lù, tí a ó máa pè ní epo ọtí, irú èyí tí wọ́n ń yọ lára ìrèké tàbí ẹ̀gẹ́, tí iná rẹ̀ kì í ṣe èéfín. Wọ́n wá ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn títí wọ́n fi súnmọ́ ìbímọ.

Àwọn obìnrin yìí kò ṣàìsàn nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀, oṣù mélòó kan péré sì ni. Síbẹ̀, nígbà àyẹ̀wò tó kẹ́yìn, nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn tó dúró sórí ìdáná àtijọ́ fi 2.8 ga ju ti àwọn elépo ọtí lọ. Láàárín àwọn tó ń lo kẹrosíìnì tẹ́lẹ̀, ìyàtọ̀ náà tó 3.6. Nọ́ńbà òkè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru kọjá ààlà jẹ́ 6.4 nínú 100 lápá ìdáná àtijọ́, 1.9 péré lápá epo ọtí.

Kẹrosíìnì ló yẹ ká dúró lé lórí. Nílẹ̀ wa, ẹni tó kúrò nídìí igi bọ́ sídìí sítóòfù kẹrosíìnì gbà pé òun ti gòkè àgbà, èéfín kò ta á lójú mọ́. Ojú ló bọ́, ọkàn kò bọ́. Láti ọdún 2014 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n má lò ó nínú ilé mọ́. Mo rò pé ìmọ̀ràn yẹn kò tíì dé ọ̀pọ̀ ojúlé ní Ẹ̀gbá.

Ìdáná ilé nìkan kọ́ sì ni. Ẹ wo àwọn tó ń yan gàrí láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ wo àwọn aládìrẹ tó ń yọ́ ìda lórí iná igi. Ẹ wo ọmọ tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn ẹni tó ń fẹ́ iná: afẹ́fẹ́ tí ìyá ń mí ni òun náà ń mí, ó sì ń mí yára ju ìyá lọ. Nínú ilé ìdáná tí kò sí ibi tí èéfín ń gbà jáde, eruku wínníwínní lè fi ìlọ́po 100 ju ohun tó yẹ lọ.

Ní ti afẹ́fẹ́ ìta, máíkírógíráàmù 5 nínú mítà kúbíìkì kan, lọ́dún, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fàyè gbà láti ọdún 2021. Èkó, gẹ́gẹ́ bí Báńkì Àgbáyé ṣe sọ nínú ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020, jẹ́ 68. Abẹ́òkúta kì í ṣe Èkó, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà kan náà ni tírélà ń gbà. Àárín òkúta ni ìlú náà sì wà. Lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ máa ń tutù mọ́jú, afẹ́fẹ́ tútù á jókòó sísàlẹ̀ láàárín òkè, afẹ́fẹ́ tó gbóná á bò ó lórí, èéfín alẹ́ àná kò sì ní ríbi jáde títí oòrùn á fi yọ dáadáa. Eruku aṣálẹ̀ Sàhárà tí ọyẹ́ gbé láti ìhà Chad á tún wá kún un. Ẹni tó bá ní àrùn ọkàn, kó má ṣe sáré ìdárayá ní kùtù hàì lásìkò yẹn, kó jẹ́ kí oòrùn mú díẹ̀.

Gáàsì ni mo lè dámọ̀ràn jù fún ìdáná. Mo sì mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, gbogbo nǹkan ló gbówó lórí, àwọn tó ti fi èédú sílẹ̀ sì padà sídìí rẹ̀. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni wí. Iṣẹ́ ìjọba ni kí gáàsì wà ní iye tí ìyá alákàrà lè rà, kì í ṣe ẹ̀bi ìyá alákàrà. Bí igi bá ṣì ni, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí igi tútù ló ń ṣèéfín jù. Ẹ gbé ààrò jáde sábẹ́ òrùlé tí ògiri kò yí ká. Ẹ má fi ọ̀rá nylon ko iná. Ọmọ tó bá ti lè jókòó, ẹ má pọ̀n ọ́n sídìí iná. Tẹ́ ẹ bá ń lo gáàsì fún ohun tó ń yára jinná, tẹ́ ẹ sì fi igi sílẹ̀ fún ẹ̀wà nìkan, ìyẹn náà ti dín nǹkan kù.

Jẹnẹrétọ̀ kò gbọ́dọ̀ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí lábẹ́ fèrèsé. Kó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín rẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ilé yín, kó má sì kọjú sí ti aládùúgbò. Ẹni tó ń fọ́ òkúta tàbí tó ń gbé símẹ́ńtì, aṣọ tí a dì mọ́ imú kò lè mú eruku wínníwínní. Ìbòmú N95 tó lẹ̀ mọ́ ojú ni kó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́.

Ṣé nǹkan lè yí padà fún ẹni tó ti fa èéfín fún ọdún gbọọrọ? Nígbà ìdíje Òlíńpíìkì ọdún 2008, ìjọba China ti ilé iṣẹ́ púpọ̀ pa ní Beijing, wọ́n sì dín ọkọ̀ kù lójú títì. Àwọn olùwádìí ń gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ 125 tí ara wọn le. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí afẹ́fẹ́ mọ́, àwọn èròjà kan tó ń fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ fẹ́ dì lọ sílẹ̀. Nígbà tí ìdíje parí tí èéfín padà, púpọ̀ nínú wọn tún gòkè. Ìṣẹ́tí kì í yára bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ àti òpó rẹ̀ máa ń gbọ́ ìròyìn afẹ́fẹ́ mímọ́ kíákíá.

Tẹ́ ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, tàbí tí oyún wà nínú yín, ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé àdúgbò yín tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní láti dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdí-Abà tàbí Lántòrò. Tí nọ́ńbà náà bá dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, ẹ padà lọ kí wọ́n tún un wọ̀n, ẹ má ṣe fúnra yín ra oògùn. Wọ́n á bi yín nípa iyọ̀, wọ́n á bi yín nípa sìgá àti ọtí. Wọ́n lè má béèrè nípa iná. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún wọn: ohun tí ẹ fi ń dáná, wákàtí tí ẹ ń lò nídìí rẹ̀ lójúmọ́, àti ibi tí jẹnẹrétọ̀ ilé yín wà.